Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: "Màámi ò gbà láti jókòó sílé"

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, mẹ́ta ni mo mú. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tó ti dàgbà, tí wọ́n sì ń fi ara wọn jìn fún ará àdúgbò, ló wà nínú méjì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gùn. Mi ò gé e kúrú púpọ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn odi ń rò lọ́kàn ló wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Èkó ni mò ń gbé báyìí. Màámi wà nílé, ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, ẹni ọdún 84 ni wọ́n. Bàbá wa ti di olóògbé tipẹ́. Láfún ni màámi ń ṣe tà tí wọ́n fi tọ́ àwa márààrún, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tí kò kàwé jáde.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé màámi kì í sinmi. Gbogbo Ọjọ́rú ni wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ sí Kersey, ilé àwọn ọmọ aláìníyàá, láti bá wọn wẹ ọmọ, kí wọ́n sì gbé àwọn tó ń ké pọ̀n. W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa, kì í ṣe nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bímọ tí kò ní ìyá, àwọn ni wọ́n ń wá pè. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màámi ń sùn títí ara obìnrin náà yóò fi balẹ̀. Lọ́dún tó kọjá la rí ìwé ẹ́sásáìsì kan lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, orúkọ èèyàn àti iye owó ló kúnnú rẹ̀. Owó oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n ń pín kiri! Nígbà tó di oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga níbi tí wọ́n ti ń bá wọn fọ ìkòkò lẹ́yìn ìsìnkú kan. Eegun ọrùn-ọwọ́ wọn sán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ní wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀, òun máa wá kó wọn wá sí Èkó. Èsì tí màámi fún wa kò ju pé, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí tó kù." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ló ń bá wọn gbé. Kí ni ká ṣe?

Àbíkẹ́yìn Màámi, Èkó

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Mo kí ẹ̀gbọ́n rẹ náà, ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kó màmá yín lọ sí Èkó. Ẹrù ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ní sùúrù, mo máa ṣàlàyé.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìlú yìí ni mo sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù. Mo mọ irú màmá yín dáadáa. Wọ́n máa ń wá sí wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè wọ́n, ẹ̀kọ gbígbóná á wà nínú kúlà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kò tíì dé ni wọ́n ń lọ bá. Àwa nọ́ọ̀sì ló ni oògùn àti abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n nídìí ọmọ wíwẹ̀, ọ̀gá wa ni wọ́n. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ omi wò, torí àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń ro ọkà láti kékeré kò mọ ooru mọ́. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, ọwọ́ òsì á gbá a mú lẹ́yìn ọrùn, ọwọ́ ọ̀tún á máa fi kànìnkànìn ṣiṣẹ́ láti orí wá sí ẹsẹ̀. Ẹnu wọn ò ní dákẹ́, wọ́n á máa ki ọmọ ọlọ́mọ bíi pé àwọn ni wọ́n bí i. Ọmọ tó ti ń ké láti ìdájí á dákẹ́ lọ gbári.

Ǹjẹ́ ẹ mọ bí ilé tí màmá ń lọ l'Ọjọ́rú ṣe bẹ̀rẹ̀? Láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà níbí. Ní 1907 ni Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tó di ilé ìwòsàn ńlá, èyí tó wá di ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Láyé ìgbà náà, bí obìnrin bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé e lọ, torí kò sí ọyàn tí yóò mu. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ruth Kersey, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ́, ní nǹkan bí ọdún 1925, orúkọ rẹ̀ ni ilé náà sì ń jẹ́ títí dòní. Lóòótọ́, wàrà inú agolo ti pọ̀ lóde báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bọ́ yó tí a kò gbé mọ́ra, kì í dàgbà bó ṣe yẹ. Kì í tètè rẹ́rìn-ín, kì í tètè jókòó, bí o bá pè é kò ní fẹ́ wo ojú rẹ. Òṣìṣẹ́ tí ọmọ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ kò lè gbé gbogbo wọn mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ara èèyàn ni àwọn ọmọ yẹn ń wá, ara màmá yín sì wà níbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú. Ẹ má pe ìyẹn ní àìsinmi mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

O kò sọ ọ́ síta, àmọ́ ó hàn nínú lẹ́tà rẹ pé ó ń dùn ọ́: ó dà bíi pé ará ìta ń jẹ nínú màmá ju ẹ̀yin ọmọ lọ. Mi ò bá ọ wí. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Iṣẹ́ láfún kì í ṣe eré. Wọ́n á bó pákí, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á rún un, wọ́n á sá a, wọ́n á máa lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n á sáré kó o bí òjò bá ṣú, wọ́n á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, kó tó wá di pé ó dọjà. Ọmọ márùn-ún sì wà nílé. Ta ló ń wò yín? Ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Àwọn ìyá tó wò yín nígbà náà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọmọ wọn àti ìyàwó ọmọ wọn wà nínú orúkọ tí ẹ rí lábẹ́ ìrọ̀rí yẹn. Ẹ jókòó ti màmá, ẹ bi wọ́n ní orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn, ta ni èyí, kí ló jọ wà láàárín wa.

Ní ti owó, owó tí ọmọ bá ti fún ìyá rẹ̀ ti di owó ìyá. Bó bá jẹ́ pé aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi rà, ẹ ò ní bínú. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bínú pé wọ́n fi san owó ilé ìwòsàn fún ọmọ ọlọ́mọ? Ohun kan ṣoṣo tí n kò ní gbà ni kí owó oògùn bá owó ìtọrẹ lọ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ara yá, bí ara ò yá, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn títí yóò fi ṣọṣẹ́. Oògùn sì ni irú àwọn ìyá báyìí kọ́kọ́ máa ń fò nígbà tí ẹlòmíràn bá wà nínú ìṣòro. Nítorí náà, ẹ wá oníkẹ́míìsì kan tó ṣeé fọkàn tán nílé, kí ẹ máa sanwó oògùn fún un tààrà láti Èkó, kí ọmọ LAUTECH yẹn máa lọ gbà á lóṣooṣù. Ìyókù, ẹ fi ránṣẹ́ sí màmá, ẹ má sì béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ tiẹ̀ fi díẹ̀ lé e, kí ẹ ní ti inú ìwé yẹn nìyí. Ẹ máa gbọ́ irú àdúrà tí wọ́n máa gbà fún yín.

Ìṣubú yẹn ló bà mí lẹ́rù. Obìnrin tó ti lé ní 80 ọdún, tó ṣubú láti orí ìdúró, tí eegun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì sán, eegun ara rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí a kò bá ṣọ́ra, eegun ìbàdí ló máa ń kàn, èyí sì ni ó ń dá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dùbúlẹ̀ tí wọn kì í fi í dìde mọ́. Ẹ má rò pé ọwọ́ ti jinná, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ gbé wọn lọ bá dókítà nítorí eegun gan-an. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdúró, torí ti àwọn mìíràn máa ń já wálẹ̀ bí wọ́n bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ wọn, ilẹ̀ á gbà wọ́n. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ lè fà á, dókítà á sì mọ bí yóò ṣe tún un ṣe. Kí màmá má dá oògùn dúró fúnra wọn o. Kí wọ́n wo ojú wọn pẹ̀lú, bóyá àwọ̀ funfun ti ń bo ẹyin ojú, iṣẹ́ abẹ ló ń mú ìyẹn kúrò. Bí wọ́n bá ń mu àgbo, kí wọ́n sọ fún dókítà, kí wọ́n má fi pamọ́.

Ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì wá. Èmi náà kì í fi ọkà láfún ṣeré. Ṣùgbọ́n láfún nìkan kò lè mú eegun le. Kí gbẹ̀gìrì pọ̀ lórí ọkà màmá. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, ẹ máa rà á, kí ẹ tún un bọ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́, ó dára fún eegun gan-an. Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n lè rún teegunteegun náà dára. Oòrùn àárọ̀ tó ń pa wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé, ìtọ́jú ni ìyẹn náà, ìrìn ọ̀hún sì ni ó ń mú ẹsẹ̀ wọn dúró. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Kí ni ẹrù tí mo ní kí ẹ gbà, nígbà náà? Ọ̀kadà, lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ṣàdéhùn, ẹni tí kì í sáré, kó máa gbé wọn lọ, kó máa gbé wọn bọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ máa sanwó rẹ̀. Ẹ ra sálúbàtà tó di ẹsẹ̀ mú lẹ́yìn, tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀. Kí ìró wọn má wọ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan nínú yín wálé, kó lọ bá ààrẹ W.M.U. ní tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, kó sọ pé màmá kò gbọdọ̀ fa omi mọ́, wọn kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ dé ibi tí ilẹ̀ bá ti tutù. Iṣẹ́ ìjókòó pọ̀ níbi ìnáwó: ewédú jíjá, ẹ̀wà ṣíṣà, owó gbígbà sílẹ̀, opó tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin á fọ ìkòkò. Ní Kersey, kí wọ́n fún wọn ní àga alápá, kí wọ́n máa gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ pípọ̀n ti tó fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n ni.

Iṣẹ́ ńlá wà fún ọmọ LAUTECH yẹn. Ọjọ́rú tí kò bá sí lẹ́kíṣọ̀, kó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ àgbà. Kó da ìwé ẹ́sásáìsì yẹn kọ sínú ìwé mìíràn, pẹ̀lú àlàyé màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kó mọ ilé opó wọ̀nyẹn, kó mọ ọmọ tí wọ́n ń bá san owó iléèwé, kó mọ ẹni tí wọ́n yá lówó tó ń san án padà díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ màmá yín, orí wọn nìkan ló wà báyìí. Bí àìsàn bá dá wọn dúró lọ́la, ẹni mélòó ni kò ní mọ ibi tí yóò lọ? Mo rò pé ohun tó ń jẹ́ "èyí tó kù" lẹ́nu wọn nìyẹn. Ẹ fún wọn ní ẹni tí wọn yóò fi lé lọ́wọ́, ẹ máa rí i pé wọn yóò gbà láti jókòó ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ á ní Èkó ni ìtọ́jú wà. Ìtọ́jú wo? Ní aago márùn-ún ìdájí, gbogbo yín ti wà lójú títì. Ẹ ò ní wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá á wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀, géètì á wà ní títì, tẹlifíṣàn á máa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn lóru pé, "Màmá, ẹ dákun, ìyàwó mi ti ń rọbí." Mo ti rí ìyá tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ àdúgbò kí wọ́n tó kó o lọ sílùú ńlá, nígbà tí yóò fi padà wá, ó ń wá orúkọ ọmọ tó bí. Mi ò ní ìlú ńlá ló fà á, àìsàn ọpọlọ wà tó ń bá àgbàlagbà níbikíbi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìdánìkanwà máa ń dá kún un. Ẹ mú wọn wá kí yín fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí wọ́n rí ọmọ-ọmọ wọn, kí ẹ dá wọn padà. Ẹ̀yin náà, ẹ máa wálé. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ wà: bí ẹnì kan bá ń wálé lóṣù, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù márùn-ún ni yóò kan olúkúlùkù.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìyá mi àgbà máa pé 90 ọdún láìpẹ́, ẹbí sì fẹ́ tẹ ìwé kékeré nípa ìgbésí ayé wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Àlájà ni wọ́n, Ìyá Àdínì sì ni wọ́n ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Wọ́n ní Tamale, ní Gáná, làwọn ti ń ṣòwò kí "wọ́n tó lé wa". Bí mo bá béèrè ọdún, wọ́n á ní "ọdún tí ìlú dàrú". Ọ̀rọ̀ wọn ti ń lọ́ mọ́ra. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

Ọmọ-ọmọ Àlájà, Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ọ̀rọ̀ Àlájà kò lọ́ mọ́ra rárá. Ọdún 1969 ni wọ́n ń sọ, ìlú sì dàrú lóòótọ́. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni rògbòdìyàn owó orí tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà gbóná débi pé wọ́n pa Sọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ni ìjọba Kofi Busia wá pàṣẹ ní Gáná pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, pàápàá ní apá òkè Gáná, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́. Ọjà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọdún jọ ni wọ́n tà lówó pọ́ọ́kú. Lọ́rì ló kó wọn gba Tógò àti Dàhòmì wálé, àwọn ọmọ tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí wà lórí ẹrù. Ilé tí ọ̀fọ̀ ọba ṣì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n bá. Kọ ìyẹn sínú ìwé náà kí o tó kọ oyè kankan.

Má béèrè ọdún lọ́wọ́ àgbàlagbà mọ́. Béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ṣé wọ́n ti bí bàbá rẹ nígbà tí iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ọdún 1955 nìyẹn. Ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà? Kó tó di oṣù kẹrin 1972 ni. Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n fi ra ilẹ̀ tí ilé yín wà, àbí náírà? Náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973. Ṣé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà kú? Ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bí o bá ti mú irú nǹkan báyìí mẹ́rin, márùn-ún, ìyókù á to ara rẹ̀.

Bi wọ́n nípa oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 pẹ̀lú, nígbà tí ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gáná, tí báàgì onílà-pupa-onílà-búlúù di "Ghana Must Go". Ẹni tí wọ́n ti lé rí mọ bó ṣe ń rí lára. Bóyá Àlájà gba ẹnì kan sílé, bóyá wọ́n fún ẹnì kan lómi, bóyá wọ́n bá ẹnì kan sọ èdè Tamale tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ lè sọ. Èmi fẹ́ kà á, ká má parọ́.

Oyè Ìyá Àdínì, ìlà kan ti tó o. Ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí oyè náà ni kí o gbé jáde. Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú, obìnrin bíi tirẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ. Àwọn ìyá bíi Àlájà ni wọ́n ń jí pè lóru fún un. Ẹni tó ń ṣe é kì í gba owó, ohun tó bá rí lára òkú, ẹnu rẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Bi wọ́n ta ló kọ́ wọn, ta ni wọ́n sì ti kọ́. N'Ìbàdàn, a mọ Àlájà Humuani Àlàgá àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ìsábàtúdéén nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 dúró níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí i. Iṣẹ́ ìyá àgbà rẹ kò ní ilé tó máa dúró fún un. Ìwé yín yìí nìkan ló máa ní.

Lo fóònù láti gba ohùn wọn sílẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsàrì nígbà tí ara bá ti tù wọ́n, kó má pẹ́ jù. Kó abọ́ tánganran tí wọ́n kó ti Gáná bọ̀ jáde, àti aṣọ, àti fọ́tò, kó o máa gbé e lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rẹ́ wọn kan bá ṣì wà láyé, pè é wá, àwọn méjèèjì á máa tún ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe, ìwọ má dá sí i. Kó o tó gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé, ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ tó ṣì wà láyé, má dárúkọ rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ojú á ti àwọn ọmọ rẹ̀ níbi ayẹyẹ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Agùnbánirọ̀ ni mí, ìlú yìí ni wọ́n gbé mi wá. Mo fẹ́ máa lọ ṣèrànwọ́ nílé àwọn ọmọ aláìníyàá, àmọ́ mi ò mọ ohun tó yẹ kí n gbé lọ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kọ́pà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. Má gbé nǹkan kan lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ bá ẹni tó ń mójú tó ilé náà, sọ ẹni tí o jẹ́, kí o béèrè ohun tí wọn kò ní. Ìgbà mìíràn ọṣẹ ìfọṣọ ni, ìgbà mìíràn pámpáàsì ni, ìgbà mìíràn ẹni tó máa kọ́ àwọn àgbà inú wọn ní ìṣirò ni. Àwọn èèyàn máa ń kó bisikíìtì lọ títí yóò fi pọ̀ jù, nígbà tí ọṣẹ ti tán nílé. Bí o bá máa ra wàrà ọmọdé, béèrè irú èyí tí wọ́n ń lò, kí o sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára agolo.

Gé èékánná rẹ, yọ òrùka àti yẹtí gígùn, fọ ọwọ́ kí o tó gbé ọmọ kankan. Ọjọ́ tí o bá ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ ń gbóná, má lọ, fóònù ni kí o fi sọ fún wọn. Má ya fọ́tò àwọn ọmọ sórí Facebook, kódà kí ó jẹ́ pé inú rere lo fi ṣe é. Wọn kò lè fún ọ láṣẹ, wọ́n á sì dàgbà lọ́jọ́ kan.

Mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí o sì dúró tì í. Wákàtí méjì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ sàn fún ọmọ ju odindi ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí wọ́n ń ṣírò ìgbà tí èèyàn máa padà wá. Má ṣèlérí fún ọmọ kankan pé o máa mú un lọ sílé. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí o ti sọ fún ọ̀gá ilé náà oṣù tí o máa parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, kí wọ́n lè wá ẹni tó máa gba ipò rẹ, kí o sì mú ẹni náà dání ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tó kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ ti mọ ojú rẹ̀ kí o tó lọ.